Kóòtù pe ọmọ mi ní Manchester: ta ni yóò mú àwọn ọmọ?

ÌBÉÈRÈ

Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú wa. Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, ni mo ti ń kọ̀wé sí yín, epo pupa àti gàrí ni mò ń tà. Ọmọ mi obìnrin ń gbé ní Manchester, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ti di ọmọ ìlú wọn. Ọmọ Abẹ́òkúta ló fẹ́. Ọkọ rẹ̀ ń wa ọkọ̀ akẹ́rù. Alẹ́ Jímọ̀ ló máa ń wọlé, ìdájí Mọ́ńdé ó tún ti gbọ̀nà. Ọmọ méjì ni wọ́n bí. Àgbà ti pé ọdún mẹ́fà, ó ń lọ sílé-ìwé. Àbúrò ṣẹ̀ṣẹ̀ lé lọ́dún kan ni, ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló wà tọ̀sántòru. Sátidé àti Sọ́ńdé tí bàbá wọn wà nílé ni ọmọ mi ń lọ ṣiṣẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó.

Kóòtù wá kọ̀wé sí i pé kó wá ṣe jùré, kó wá jókòó gbọ́ ẹjọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹkún ló ń sun lórí fóònù. Ó ní kí n tètè máa bọ̀ wá bá òun mú ọmọ. Mo lè bẹ àwọn ẹlẹ́gbẹ́ mi kí wọ́n fún mi ní owó tọ́ntìn, àjọ tí a jọ ń dá, kí ó tó kàn mí. Àbúrò ọkọ mi ní kóòtù á san owó ọkọ̀ òfúrufú mi padà, wọ́n á sì tún san owó iṣẹ́ fún mi nítorí pé èmi ni mo tọ́jú ọmọ. Ẹlòmíràn ní tí ọmọ mi ò bá lọ, ẹ̀wọ̀n ni. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni ká gbà gbọ́?

Ìyá Àgbà, Kétu

ÌDÁHÙN

Ìyá, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú àníyàn ọmọ. Ẹ má tíì fọwọ́ kan owó tọ́ntìn yẹn.

Ẹ kọ́kọ́ bá mi rẹ ọmọ yín lẹ́kún. Kò ṣẹ ẹnikẹ́ni tí wọ́n fi pè é. Inú ìwé orúkọ àwọn olùdìbò ni wọ́n ti ń yọ orúkọ, ẹ̀rọ ló sì ń yọ ọ́, kò wojú ẹnì kankan. Ẹni tó bá ti pé ọdún 18 títí dé 75 ni wọ́n lè pè. Àwọn méjìlá ló ń jókòó lórí ẹjọ́ kan, àwọn ló ń sọ bóyá ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn jẹ̀bi tàbí kò jẹ̀bi. Adájọ́ ló ń sọ ìyà tó tọ́ sí i. Ní ti ẹ̀wọ̀n tí wọ́n fi ń dẹ́rù bà yín, owó ìtanràn ni wọ́n ń sọ, ó lè tó £1,000, fún ẹni tí kò bá dáhùn ìwé náà tàbí tí kò yọjú láìní ìdí gidi. Kó má ṣe fi ìwé náà sábẹ́ ìrọ̀rí rárá. Ọjọ́ méje ni wọ́n fún un láti dáhùn, ó sì lè dáhùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Akọ̀wé kóòtù ni mo jẹ́ níbí kí n tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tí kóòtù assises ilẹ̀ wa, tó ń gbọ́ ẹjọ́ ọ̀daràn ńlá, ṣì ń jókòó, àwọn jùré tiwa náà máa ń wá bá àwọn adájọ́ gbọ́ ẹjọ́. Mo rántí obìnrin kan láàárín wọn. Ọmọ àbúrò rẹ̀ pọn ọmọ ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, ó ń rìn lọ rìn bọ̀ lábẹ́ igi máńgòrò níta. Bí ọmọ bá ti ké, ojú ìyá á yà sí fèrèsé. Kó tó di ọ̀sán, omi ọmú ti rin iwájú bùbá rẹ̀, ó fa ìborùn bò ó, ó ń tẹ́tí sí ẹlẹ́rìí. Kò sẹ́ni tó bi í ní ọjọ́ yẹn pé ta ló ń bá ọ mú ọmọ. Ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ti kọ ọ̀rọ̀ ọmọ sínú ètò náà, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín lo ohun tí wọ́n fún un.

Ohun àkọ́kọ́ tó lè ṣe ni kó ní kí wọ́n sún ọjọ́ náà síwájú. Ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ wà lára àwọn tí wọ́n máa ń dá lóhùn. Àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń sún un, kò sì gbọdọ̀ kọjá oṣù méjìlá, nítorí náà kó má kàn mú ọjọ́ tó bá wá sí i lẹ́nu. Wọ́n á ní kó sọ àwọn ìgbà tí àyè máa wà fún un. Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí ẹ bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, Ìyá. Gbogbo òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ló ní ìsinmi tí wọ́n ń sanwó fún lọ́dọọdún. Kí ọkọ lọ bá ọ̀gá rẹ̀, kí ó gba ọ̀sẹ̀ méjì, kí ìyàwó wá fi ọ̀sẹ̀ méjì yẹn ránṣẹ́ sí kóòtù pé ìgbà náà ni òun á lè wá. Mo ka lẹ́tà yín, ìyá ọmọ ń sunkún, ìyá àgbà ń wá owó, àbúrò ọkọ yín ń dámọ̀ràn, bàbá ọmọ nìkan ni mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀. Òun ló bí wọn, òun náà lè mú wọn. Tí èyí bá ṣeé ṣe, ọ̀rọ̀ owó alágbàtọ́, ẹni tó ń gba ọmọ tọ́jú fún owó, ti tán nìyẹn.

Tí ọ̀gá ọkọ bá kọ̀, ká wá sọ̀rọ̀ owó. Kóòtù kì í san owó oṣù fún jùré. Wọ́n ní iye kan tí wọn kì í kọjá lójúmọ́, inú iye kan náà yẹn sì ni owó iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ èèyàn àti owó alágbàtọ́ ti jọ ń jáde. Fún ọjọ́ mẹ́wàá àkọ́kọ́, £64.95 ni, tó bá lò ju wákàtí mẹ́rin lọ ní kóòtù. Bí ẹ bá ṣẹ́ ẹ sí owó wa, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta sẹfá. Tí kò bá ju wákàtí mẹ́rin lọ, £32.47 péré ni. Tí ẹjọ́ bá fà kọjá ọjọ́ mẹ́wàá, iye náà á di £129.91 lójúmọ́. Owó ọkọ̀ àti oúnjẹ yàtọ̀ sí èyí. Kó tún wo iye tí wọ́n kọ sínú ìwé tí wọ́n fún un, èyí tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni wọ́n á san.

Ìtọ́jú ọmọ tó yàtọ̀ sí èyí tó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ nìkan ni wọ́n ń san. Ẹni tó ti ń sanwó ilé ìtọ́jú ọmọ láti ọjọ́ yìí wá kò lè gbé owó yẹn lọ fún kóòtù. Ti ọmọ yín dára níbi yìí: kì í gbé àbúrò fún ẹnì kankan láàárín ọ̀sẹ̀, nítorí náà gbogbo owó alágbàtọ́ tó bá san ní ọ̀sẹ̀ méjì yẹn ló jẹ́ tuntun. Òpin ọ̀sẹ̀ ló sì ń ṣiṣẹ́, owó iṣẹ́ rẹ̀ ò ní dín, ó lè fi gbogbo £64.95 náà ṣe ti ọmọ. Ká ní alágbàtọ́ ń gba £6 ní wákàtí kan lórí ọmọ kan. Àbúrò wà lọ́dọ̀ rẹ̀ fún wákàtí mẹ́sàn-án, £54. Ẹ̀gbọ́n dé láti ilé-ìwé, ó lo wákàtí méjì, £12. Àpapọ̀ rẹ̀ £66. Kóòtù san £64.95, ìyá fi díẹ̀ tó kù kún un.

Èyí tó ń dùn mí nínú ètò wọn ni ọjọ́ tí wọ́n bá tú ká ní kíákíá. Àwọn tí wọ́n máa ń pè ju méjìlá lọ, wọ́n á tún ṣa láàárín wọn. Èèyàn lè jókòó sí yàrá ìdúródè láti àárọ̀, kí wọ́n wá ní kó máa lọ sílé. Iye tí kóòtù lè san á bọ́ sí £32.47, alágbàtọ́ á sì máa retí owó ọjọ́ kan gbáko. Kí ọmọ yín bá alágbàtọ́ sọ èyí kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀: tí mo bá tètè dé, èló lo máa gbà? Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Kí alágbàtọ́ máa fọwọ́ sí wákàtí àti owó lójoojúmọ́, torí kóòtù á béèrè ẹ̀rí. Owó náà kì í wọlé lójú ẹsẹ̀, ó máa ń tó ọjọ́ iṣẹ́ méje sí mẹ́wàá lẹ́yìn tó bá ti fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀, nítorí náà kó ti ní nǹkan lọ́wọ́. Kó sì wá alágbàtọ́ tó ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Ẹni tó ń fi ilé ara rẹ̀ gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ fún owó, tó ń ju wákàtí méjì lọ lójúmọ́, iṣẹ́ tí òfin ibẹ̀ ń ṣọ́ ló ń ṣe.

Ó wá ku ìrìn-àjò yín. Kóòtù kì í san owó ọkọ̀ òfúrufú fún ìyá àgbà. Owó iṣẹ́ tí àbúrò ọkọ yín sọ ló bà mí lẹ́rù jù. Ẹni tó bá gba físà àbẹ̀wò wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́. Ìyá tó wá kí ọmọ fún ìgbà díẹ̀ lè mú ọmọ-ọmọ rẹ̀, wọn ò bínú sí ìyẹn. Tí wọ́n bá wá kọ orúkọ yín sí fọ́ọ̀mù kóòtù pé alágbàtọ́ tí wọ́n ń sanwó fún ni yín, ẹ ti fọwọ́ ara yín kọ ọ́ pé iṣẹ́ lẹ wá ṣe. Ó lè dí ọ̀nà físà míì mọ́ yín. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tì yín sí i. Ìgbà tó bá yá, tí ara balẹ̀, tí ẹ ti ní pásípọ́ọ̀tù lọ́wọ́, ẹ lọ kí wọn, kí ẹ sì pọn àbúrò yẹn dáadáa.

Tí ẹjọ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ má béèrè nípa rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lórí WhatsApp. Òfin kò jẹ́ kí jùré sọ ohun tó ń gbọ́ fún ará ilé, ìyàn tí wọ́n bá jà nínú yàrá wọn kò sì gbọdọ̀ jáde láéláé. Ẹ bi í bóyá ó ti jẹun.

ÌBÉÈRÈ

Ìwé ìlú Benin nìkan ni ẹ̀gbọ́n mi ní, ó ti pẹ́ ní London, ó ń san owó orí. Ìyàwó rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, òun náà ò tíì gba ìwé ìlú wọn. Wọ́n pe ìyàwó sí jùré, wọn ò pe ẹ̀gbọ́n mi rí. Ṣé kò sí àṣìṣe níbẹ̀?

Akẹ́kọ̀ọ́, Àjàṣẹ́

ÌDÁHÙN

Kò sí àṣìṣe. Ẹni tó bá wà nínú ìwé olùdìbò ni wọ́n ń pè. Ọmọ orílẹ̀-èdè Commonwealth (ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè tí Gẹ̀ẹ́sì ti ṣàkóso púpọ̀ nínú wọn rí) tó ní ẹ̀tọ́ láti gbé níbẹ̀ lè forúkọ sílẹ̀ láti dìbò, Nàìjíríà sì wà nínú ẹgbẹ́ náà. Tógò àti Gàbọ́ọ̀nù wọ̀ ọ́ ní 2022, ilẹ̀ tiwa kò sí níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ kò ní rí ìwé jùré àfi tó bá di ọmọ ìlú wọn. Àmọ́ kí ìyàwó rẹ̀ wo ọdún tó ti lò: ẹni tí wọ́n pè gbọ́dọ̀ ti gbé níbẹ̀ fún ọdún márùn-ún, ó kéré tán, láti ìgbà tó ti pé ọdún 13. Tí kò bá tíì pé bẹ́ẹ̀, kó kọ ọ́ sínú èsì rẹ̀, wọ́n á yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Tó bá ti pé, tí ọmọ sì wà nílé, kí ẹ̀gbọ́n rẹ lọ gba ìsinmi.