Ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ni wọ́n fi dá àbúrò mi lẹ́bi: ṣé a lè pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Lọ́yà. Ilé ẹjọ́ gíga ti rán àbúrò mi lọ sẹ́wọ̀n ọdún 21 lórí ẹ̀sùn ìfipájalè. Obìnrin kan ṣoṣo ló ní òun fi àpá ẹ̀rẹ̀kẹ́ dá a mọ̀ ní kóòtù. Obìnrin yìí kan náà ló kọ ọ́ lágọ̀ọ́ ọlọ́pàá pé wọ́n faṣọ bojú, òun ò rójú ẹnikẹ́ni. Ṣé a lè sọ pé ìdájọ́ náà kò bọ́gbọ́n mu?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ lè sọ bẹ́ẹ̀, ẹ ò sì nílò ìyọ̀ǹda ẹnikẹ́ni. Abala 241 ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 ti fún yín lẹ́tọ̀ọ́ náà. Ọjọ́ 90 péré lẹ ní. Ọjọ́ tí adájọ́ ka ìdájọ́ lẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ sí kà á, kì í ṣe ọjọ́ tí ìwé dọ́wọ́ yín.

Kí ẹ tó náwó, ẹ bi lọ́yà yín: ìwé tí obìnrin yẹn kọ lágọ̀ọ́ ọlọ́pàá, ṣé ẹ fi hàn án nígbà tó ń jẹ́rìí, tí kóòtù sì gbà á wọlé, tí wọ́n fún un ní nọ́ńbà? Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀nà wà. Bí inú fáìlì ọlọ́pàá ló ṣì wà, wàhálà nìyẹn, nítorí àwọn adájọ́ kòtẹ́milọ́rùn kì í pe ẹlẹ́rìí padà. Àkọsílẹ̀ ẹjọ́ ni wọ́n ń kà. Ohun tí kò bá sí níbẹ̀, bí gbogbo àdúgbò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n, wọn ò ní wò ó.

Adájọ́ àkọ́kọ́ ló rí ẹlẹ́rìí lójúkojú, tó gbọ́ bí ohùn rẹ̀ ṣe ń gbọ̀n. Tó bá ti ní òun gbà á gbọ́, àwọn ti òkè kì í sáré yí i padà. Ohun tí wọ́n máa wò ni bóyá ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ gbé ìdálẹ́bi náà dúró láìsí iyèméjì tó mọ́gbọ́n dání, torí ọrùn ìjọba ni abala 135 òfin ẹ̀rí ti 2011 gbé ẹrù yẹn kọ́. Ẹlẹ́rìí tó ní aṣọ bojú wọn lágọ̀ọ́ ọlọ́pàá, tó wá ní àpá ẹ̀rẹ̀kẹ́ lòun fi dá a mọ̀ ní kóòtù, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ta kora níbi tó dun ẹjọ́ jù. Adájọ́ ò gbọdọ̀ ṣa èyí tó wù ú nínú méjèèjì. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ agogo mẹ́jọ ló sọ níbì kan, mẹ́jọ àbọ̀ níbòmíràn, ẹ má tìtorí ìyẹn tanwó.

Ẹ yẹ ìwé ìpẹ̀jọ́ kòtẹ́milọ́rùn yín wò dáadáa. Àwọn lọ́yà kan ṣì ń kọ ọ́ pé ìdájọ́ náà lòdì sí ìwọ̀n ẹ̀rí. Ti ẹjọ́ ilẹ̀ àti gbèsè nìyẹn! Láti inú ẹjọ́ Aladesuru, tí Privy Council, kóòtù tó ga jù fún wa láyé ìjọba òyìnbó, dá ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1955, la ti mọ̀ pé nínú ẹjọ́ ọ̀daràn, ohun tí à ń kọ ni pé ìdájọ́ náà kò bọ́gbọ́n mu, ẹ̀rí kò sì lè gbé e dúró.

Béèlì lẹ́yìn ìdálẹ́bi ṣòro púpọ̀, ẹ má fi ọkàn àbúrò yín sí i. Ẹ lọ gba ẹ̀dà ìdájọ́ lọ́wọ́ akọ̀wé kóòtù. Abala 36 ìwé òfin ilẹ̀ wa sọ pé ẹ lẹ́tọ̀ọ́ sí i láàárín ọjọ́ méje. Bówó lọ́yà bá wọ́n yín, ẹ lọ bá Legal Aid Council, àjọ ìjọba tó ń fún aláìní ní lọ́yà, kí ẹ mú ẹ̀dà náà dání.