Pósítà sinimá káóbọ̀ì: ẹ má tíì gbé e sómi

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ra pósítà sinimá káóbọ̀ì láti Amẹ́ríkà, tó ní sẹ́lótéèpù lẹ́yìn, tẹ́ ẹ wá ń béèrè bẹ́ ẹ ṣe máa fọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ kánfáàsì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gbé e sómi. Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ojúlówó ni, torí owó àtúnṣe lè ju iye pósítà fúnra rẹ̀ lọ.

Ẹ mú téèpù, ẹ wọ̀n ọ́n. One-sheet àtijọ́, ìyẹn pósítà ilé sinimá tó wọ́pọ̀ jù, jẹ́ íǹṣì 27 ní fífẹ̀ sí 41 ní gígùn, títí di nǹkan bí àárín àwọn ọdún 1980. Èyí tó bá jẹ́ 24 sí 36, ti àwọn tó ń ta àwòrán ara ògiri ni. Lọ́dún 1940 ni ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ National Screen Service bẹ̀rẹ̀ sí í pín pósítà kiri ilé sinimá Amẹ́ríkà, wọ́n sì máa ń ṣẹ́ ẹ po ni, torí náà ojú ìṣẹ́ kì í ṣe àbùkù. Ohun tó yẹ kó fu yín lára ni kí ojú rí ìṣẹ́ nínú àwòrán, kí ìka má sì bá nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ wo etí funfun nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún: bí nọ́ńbà ibẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 56/, ti 1956 ni. Bí R bá ṣáájú, ìgbà tí wọ́n tún gbé sinimá náà jáde ni wọ́n tẹ̀ ẹ́, owó rẹ̀ sì sábà máa ń kéré. A Fistful of Dollars jáde ní Ítálì lọ́dún 1964, ṣùgbọ́n 1967 ló tó dé ilé sinimá Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá ń ta pósítà Amẹ́ríkà rẹ̀ fún yín bíi ti 1964, yálà kò mọ ọjà rẹ̀ tàbí ó mọ̀ ọ́n jù. Ẹ má sì gé etí funfun yẹn láé.

Bí kò bá ní ju ojú ìṣẹ́ lọ, èmi ò ní lẹ̀ ẹ́ mọ́ nǹkan kan. Kánfáàsì kì í ṣe oyè. Bí pósítà bá ti ya, iṣẹ́ dé nìyẹn.

Sẹ́lótéèpù ló ṣáájú, torí omi kì í ká a. Ẹ fi ẹ̀rọ ìgbẹrun fẹ́ atẹ́gùn lílọ́wọ́ọ́rọ́ sí i, kẹ́ ẹ fi abẹ tí kò mú jù gbé etí rẹ̀, kẹ́ ẹ máa fà á padà sẹ́yìn ní títẹ́jú. Bẹ́ ẹ bá fà á sókè, á bó bébà lọ. Gúlúù tó kù, òwú tí wọ́n fi asetóònù díẹ̀ rin ló ń ká a, pẹ̀lú bébà afami lábẹ́ rẹ̀ àti fèrèsé ní ṣíṣí. Ẹ dán an wò níbi kékeré kan ná. Àbàwọ́n tó ti di àwọ̀ ilẹ̀ lè má lọ. Ẹ fi í sílẹ̀. Bílíìṣì ilé á mú un funfun lóòótọ́, àmọ́ èyí tó bá ṣẹ́ kù nínú bébà á máa jẹ ẹ́ lọ ni.

Ẹ wá dán yíǹkì wò: ẹ fi òwú tútù kan àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, pàápàá pupa, kẹ́ ẹ fi bébà afami funfun tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú kan. Bí àwọ̀ bá ràn, kò sí ìwẹ̀ fún un. Bí kò bá ràn, ẹ tẹ́ ẹ sórí ọ̀rá polyester kẹ́ ẹ tó rì í sómi, torí bébà tútù kì í gba ìdìmú. Ẹ máa pààrọ̀ omi títí tí kò fi ní pọ́n mọ́. Ásíìdì inú bébà igi olówó pọ́ọ́kú yẹn ló ń jáde.

Fún gúlúù, sítáàṣì àlìkámà ìwọ̀n kan sí omi mẹ́rin tàbí márùn-ún, lórí iná kékeré, ẹ máa rò ó fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú títí á fi dán. Bó bá tutù, ẹ sẹ́ ẹ, kẹ́ ẹ là á kó rí bí ògì. Ẹ fa kánfáàsì le lórí férémù, ẹ lẹ bébà Japan, bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó lágbára, mọ́ ọn, kí pósítà tó tẹ̀ lé e. Pósítà gbọ́dọ̀ tutù kẹ́ ẹ tó lẹ̀ ẹ́: bébà máa ń fẹ̀ bó bá mu omi, èyí tẹ́ ẹ bá lẹ̀ ní gbígbẹ á wú lẹ́yìn tó bá ti lẹ̀ mọ́lẹ̀ tán, á sì hunjọ. Ẹ jẹ́ kó gbẹ fún ọjọ́ mélòó kan, láìgbé e sóòrùn. Ibi tí àwọ̀ bó níkan ni kẹ́ ẹ kùn, pẹ̀lú ọ̀dà olómi tàbí pẹ́ńsù aláwọ̀, kì í ṣe bírò elétí òwú (mákà) tó máa ń yí àwọ̀ padà.

Lobby card (íǹṣì 11 sí 14), àwòrán kékeré tí wọ́n ń gbé sí àbáwọlé ilé sinimá, àti insert (íǹṣì 14 sí 36), pósítà tóóró, kò sí nínú èyí. Páálí ni wọ́n. Bébà ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn wọn bó bá pọn dandan, kì í ṣe kánfáàsì.