Kí ló dé tó fi ṣòro láti kó tiransísítọ̀ (ohun tíntìntín tó ń tan iná mànàmáná, tó sì ń pa á) púpọ̀ sí i sínú ṣíìpù kọ̀ǹpútà kékeré?

Ooru ni olórí wàhálà. Ní 1971, tiransísítọ̀ bíi 2,300 ló wà nínú ṣíìpù 4004 ti iléeṣẹ́ Intel. Bílíọ̀nù 16 ló wà nínú ṣíìpù Apple M1 ti 2020, bẹ́ẹ̀ kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Gbogbo wọn ló ń gbóná, àmọ́ ọ̀nà tí ooru máa gbà jáde kò fẹ̀ sí i. Òun ló jẹ́ kí Intel pa ṣíìpù Tejas tì ní 2004.

Iná mànàmáná tún ń jò. Nígbà yẹn, awọ inú tiransísítọ̀ tó yẹ kó sé iná mọ́ ti fẹ́lẹ́ débi pé kò nípọn ju átọ́ọ̀mù bíi 5 lọ, iná sì ń gbabẹ̀ kọjá kódà tí tiransísítọ̀ bá wà ní pípa. Ní 2007, Intel fi èròjà hafnium rọ́pò rẹ̀; jíjò náà dínkù gan-an, àmọ́ kò tán.