Ìbéèrè Yín: Ṣé Òótọ́ Ni Pé Ọtí Ni Rọ́kẹ́ẹ̀tì Jámánì Ń Jó?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Olùkọ́ wa sọ pé ọtí tí wọ́n fi ọ̀dùnkún òyìnbó ṣe ni rọ́kẹ́ẹ̀tì tí Jámánì jù lu Lọ́ńdọ̀nù nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ń jó. Ṣé òótọ́ ni? Báwo ni wọ́n tilẹ̀ ṣe dán irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wò kí ó tó di ohun ìjà? Òǹkàwé yín, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni olùkọ́ yín sọ. Rọ́kẹ́ẹ̀tì tí àwọn tó ṣe é ń pè ní A-4, tí ìjọba Hitler wá sọ ní V-2, ọtí tó mú gan-an tí wọ́n bu omi là ni ó ń jó, ọ̀dùnkún òyìnbó sì wà lára ohun tí wọ́n fi ń ṣe ọtí náà. Bí a bá pín in sí ọ̀nà mẹ́rin, mẹ́ta jẹ́ ọtí, ọ̀kan jẹ́ omi. Omi yẹn kì í ṣe àbùlà lásán: òun ni kò jẹ́ kí iná náà gbóná kọjá ohun tí irin lè fara dà. Ọ́kísíjìn tí wọ́n ti mú tutù títí ó fi di olómi ni ó ń mú un jó, gbogbo rẹ̀ a sì jó tán láàárín ìṣẹ́jú kan ó lé díẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, bí òkò tí a ti jù ni rọ́kẹ́ẹ̀tì náà yóò ṣe máa lọ, ó sì lè gbé àdó olóró tó wúwo tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan dé ibi tó jìnnà tó kìlómítà 320.

Ní ti ìdánwò, ọdún 1932 ni ẹgbẹ́ ọmọ ogun Jámánì gba Wernher von Braun, onímọ̀ rọ́kẹ́ẹ̀tì ọmọ ogún ọdún, síṣẹ́ ní Kummersdorf, ibi tí wọ́n ti ń dán ohun ìjà wò nítòsí Berlin, lábẹ́ Walter Dornberger, ọ̀gá ọmọ ogun tó ń bójú tó iṣẹ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì. Àdéhùn Versailles, tí wọ́n ṣe lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, ti dín ìbọn àgbá ńlá wọn kù, ṣùgbọ́n kò mẹ́nu kan rọ́kẹ́ẹ̀tì. Rọ́kẹ́ẹ̀tì A-3, tó ṣáájú A-4, mẹ́rin tí wọ́n yìn ní 1937, kò sí ọ̀kan tó yege, nítorí ẹ̀rọ tó ń darí wọn kò lágbára tó láti borí afẹ́fẹ́. Lójú tèmi, ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ìjákulẹ̀ yìí ló gbé iṣẹ́ náà dé ibi tó dé: wọn kò sáré lọ kọ́ A-4 ńlá, wọ́n padà ṣe A-5 kékeré, kí wọ́n lè fi í kọ́ bí a ṣe ń darí rọ́kẹ́ẹ̀tì. Síbẹ̀, A-4 kùnà ní Peenemünde, létí Òkun Baltic, ní oṣù Kẹfà àti oṣù Kẹjọ ọdún 1942, kí ọ̀kan tó fò tó kìlómítà 190 ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹwàá.

Nígbà tí wọ́n wá ń yìn ín sórí ilẹ̀ láti Blizna, ní Poland, ọ̀pọ̀ ń fọ́ sí wẹ́wẹ́ lójú ọ̀run bí wọ́n ṣe ń bọ̀ wálẹ̀. Dornberger àti von Braun fúnra wọn lọ dúró sí ibi tí wọ́n fojú sùn, kí wọ́n lè rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Irin tí wọ́n fi kún ara rẹ̀ ló dín àléébù náà kù.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ mọ́ ọn. Àwọn ọkọ̀ òfurufú Bírítéènì ju àdó olóró sí Peenemünde ní òru ọjọ́ 17 mọ́jú ọjọ́ 18 oṣù Kẹjọ ọdún 1943, Walter Thiel tó ṣe olórí àwọn tó ṣe ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì kú níbẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà lọ sínú ihò abẹ́ òkè nítòsí Nordhausen, tí wọ́n sì fi àwọn ẹlẹ́wọ̀n Dora, àgọ́ ìfìyàjẹni ìjọba Hitler, ṣe é. Inú ihò yẹn náà ni wọ́n ń sùn ní àwọn oṣù àkọ́kọ́, nínú eruku, nínú ebi, láìfojú kan oòrùn. Nǹkan bíi 60,000 ènìyàn ló gba àgọ́ náà àti àwọn ẹ̀ka rẹ̀ kọjá, nǹkan bíi 20,000 nínú wọn ni kò sì yè é. Iye yìí ju iye àwọn tí V-2 pa ní Lọ́ńdọ̀nù, Antwerp àti àwọn ìlú yòókù lọ, láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 1944 títí di oṣù Kẹta ọdún 1945.