Omi habbatu saoda tó mọ́ gaara: ṣé a lè fi ṣe àlùwàlá?

Ìbéèrè: Asalaamu alaekun Ààfáà wa. Omi habbatu saoda, irúgbìn dúdú tí wọ́n ń fún epo ẹ̀, ni mò ń ṣe tà. Tẹ́lẹ̀, epo ẹ̀ máa ń léfòó ni, ẹnìkan wá kọ́ mi kí n fi polysorbate 80, èròjà tó ń jẹ́ kí epo pò mọ́ omi, pò ó, epo gíráàmù 2, polysorbate gíráàmù 10, nínú omi lítà kan. Ó wá mọ́ gaara bí omi lásán. Ààfáà kan ní haraamu ni torí ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ni polysorbate, òmíì ní omi ṣì ni torí àwọ̀ ẹ̀ ò yí, pé a lè fi ṣe àlùwàlá, àwọn oníbàárà mi kan sì ti ń fi ṣe é. Tani ká gbọ́ tiẹ̀?

Ìdáhùn: Wa alaekumu salaam, Alhaja. Ti ẹlẹ́dẹ̀ yẹn ò le. Oleic acid, ìyẹn èròjà kan tó máa ń wà nínú ọ̀rá àti epo, wà lára ohun tí wọ́n fi ń ṣe polysorbate 80, ó lè wá látinú epo ewéko, ó sì lè wá látinú ọ̀rá ẹran. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á fún yín mú ìwé haláàlì ẹ̀ wá, tí ò bá rí i mú wá ẹ lọ rà á níbòmíì. Ká kàn rí E433, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń pe polysorbate 80, lára ike ká máa pariwo ẹlẹ́dẹ̀, ariwo lásán nìyẹn.

Ti àlùwàlá ló bí mi nínú. Ààfáà tó sọ̀rọ̀ yẹn, ṣé kò ka Akhdari, ìwé òfin ìjọsìn yẹn, ní ilé kéú ni? Àwa tá a wà lórí madhhab (ọ̀nà òfin ẹ̀sìn) Maliki, ìbẹ̀rẹ̀ ìwé yẹn la ti kà á pé omi tí nǹkan tí kì í bá omi gbé bá yí àwọ̀ ẹ̀ padà, tàbí adùn ẹ̀, tàbí òórùn ẹ̀, kò ṣe é fi ṣe àlùwàlá mọ́, epo sì ni nǹkan àkọ́kọ́ tó dárúkọ síbẹ̀! "Tàbí" ló sọ o, kò sọ pé àfi kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yí. Omi yín mọ́ lójú torí polysorbate ti gé epo yẹn wẹ́wẹ́ débi pé ojú ò rí i mọ́, àmọ́ ẹ tọ́ ọ wò, ẹ gbóòórùn ẹ̀. Polysorbate fúnra ẹ̀ korò, òórùn habbatu saoda ò sì ṣe é fi pamọ́. Àwọn onímọ̀ wa jiyàn lórí epo tó kàn dúró sórí omi tí ò pò mọ́ ọn, ìyẹn ni tẹ́lẹ̀ tó ń léfòó, àmọ́ èyí tẹ́ ẹ wá fi ọwọ́ ara yín pò yìí, àríyànjiyàn wo ló kù ńbẹ̀? Kì í ṣe najisi (ẹ̀gbin) o, ó mọ́, ó ṣe é mu, kò kàn lè sọ nǹkan míì di mímọ́ ni. Ẹni tó bá ti fi kírun, kó tún àwọn ìrun yẹn kí, tí ò bá mọye ẹ̀ kó máa kí i títí ọkàn ẹ̀ á fi balẹ̀.

Ẹ sì dín polysorbate yẹn kù, Alhaja mi. Àjọ oúnjẹ àgbáyé (FAO) àti àjọ ìlera àgbáyé (WHO) ní kó má kọjá mílígíráàmù 25 fún kílò ara kan lóòjọ́, ẹni tó bá wọn kílò 60, gíráàmù kan ààbọ̀ nìyẹn, ike ìdajì lítà yín kan ṣoṣo sì ti gbé gíráàmù 5. Ànábì (s.a.w.) ní a ò gbọdọ̀ ni ara wa lára. Tí wọ́n bá tún ní kẹ́ ẹ fi ẹ̀tánọ́ọ̀lù (èròjà tó wà nínú ọtí) sí i kí epo lè pò, ẹ má gbà, glycerin tí wọ́n fi epo pupa ṣe wà lọ́jà. Kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ gàdàgbà sára ike yẹn: mímu ni, kì í ṣe fún àlùwàlá.