Ẹja Oscar nínú táǹkì kékeré

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Mo ra ọmọ ẹja Oscar mẹ́ta, mo sì kó wọn sínú táǹkì onígíláàsì tó ń gba 100 lítà lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹja wẹ́wẹ́ tó wà láàyè ni mò ń fún wọn jẹ. Ọ̀kan ti kú, ihò kéékèèké sì ń yọ lórí àwọn méjì tó kù. Ṣé oúnjẹ ni kò tó wọn?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́. N kò rò pé ebi ló pa á; omi ni mo fura sí jù lọ. Ẹja Oscar, tí ó ti agbègbè odò Amazon wá, bá èpìyà tí a ń jẹ tan, ṣùgbọ́n òun a máa pa ẹja mìíràn jẹ, a sì máa gùn tó 30 sẹ̀ǹtímítà. Bí ó ti ń jẹun tó ni amóníà tí ó ń tú sínú omi ń pọ̀ tó. Àwọn bakitéríà inú ẹ̀rọ tí ń sẹ́ omi ni wọ́n ń sọ amóníà di nitrite, tí àwọn mìíràn sì ń sọ nitrite di nitrate tí kò fi bẹ́ẹ̀ léwu. Ṣùgbọ́n nínú táǹkì tuntun, ó sábà máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó pọ̀ tó iṣẹ́ náà. Inú májèlé ara wọn ni ẹja yín ń gbé.

Láti òní lọ, ẹ máa pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́rin omi náà lójoojúmọ́ títí àyẹ̀wò yóò fi fi hàn pé kò sí amóníà àti nitrite níbẹ̀ mọ́, lẹ́yìn náà kí ó di ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Bí omi ẹ̀rọ ìjọba ni ẹ ń lò, ẹ kọ́kọ́ fi oògùn tí ń pa agbára kílórínì sí i, nítorí kílórínì ń pa bakitéríà wọ̀nyí. Nítorí èyí kan náà, omi tí ẹ bá gbọ́n kúrò nínú táǹkì ni kí ẹ fi ṣan fóòmù inú ẹ̀rọ asẹ́mi. Bí iná bá lọ, ẹ má fún wọn lóúnjẹ, kí ẹ sì tan ẹ̀rọ kékeré oníbátìrì tí ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi.

Ẹ dẹ́kun ẹja ààyè, nítorí ó ń kó àrùn wọlé. Oúnjẹ oníhóró tí wọ́n ṣe fún ẹja ajẹran ni kí ó jẹ́ ìpìlẹ̀, kí ẹ máa fi edé tàbí ekòló kún un.

Oscar kan ṣoṣo nílò 300 lítà, ó kéré tán. Méjì nílò nǹkan bí 500. Bí apá yín kò bá ká a, ẹ dá wọn padà fún ẹni tó tà wọ́n. Mo bẹ̀ yín, ẹ má dà wọ́n sódò: ní adágún Gatún ní Panama, ẹja peacock bass, tí òun náà jẹ́ ìdílé èpìyà, bọ́ sínú omi ní nǹkan bí ọdún 1967, ó sì jẹ ọ̀pọ̀ irú ẹja ìbílẹ̀ tán níbẹ̀ láàárín ọdún díẹ̀.

Ní ti ihò orí, omi búburú àti oúnjẹ tí kò ṣara lóore ni a sábà máa ń bá nídìí rẹ̀. Bí omi bá ti mọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ihò náà ṣì ń fẹ̀, ẹ gbé wọn lọ bá dókítà ẹran kí ẹ tó ra oògùn kankan.