MRI ẹ̀yìn ìyá yín: ẹ gba síìdì kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ ní ìrora ń ti ìbàdí ìyá yín sọ̀ kalẹ̀ dé ẹsẹ̀, pé dókítà ilé ní kí wọ́n lọ ya MRI (àwòrán inú ara tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ òòfà yà), ẹ sì fẹ́ kí dókítà ọ̀dọ̀ yín níbí bá yín yẹ̀ ẹ́ wò. Ara mi bù máṣọ bí mo ṣe kà á. Bàbá ni tèmi.

Gbígba ọjọ́ ò le, àbúrò yín á ṣe é. Ibi tí owó tèmi ti wọgbó rèé: wọ́n ya Bàbá tán, wọ́n kó fíìmù méjì àti ìwé èsì ojú kan lé ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n gbé fíìmù sójú fèrèsé, wọ́n fi fóònù yà á, wọ́n fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Àtàǹpàkò wọn bo àárín L5 àti S1, eegun ẹ̀yìn nísàlẹ̀ ìbàdí, ibi tí iṣan tó ń lọ sẹ́sẹ̀ ti há gan-an! Dókítà ibí ní kí ni kóun fi fọ́tò fèrèsé ṣe? DICOM lòun fẹ́, ògidì àwòrán inú ẹ̀rọ, tóun á máa ṣí ní ìpele-ìpele. A padà lọ. Ọ̀gá ibẹ̀, tí ò tiẹ̀ gbójú sókè, ní, "Ṣé ẹ sọ pé ẹ fẹ́ síìdì ni?" Wọ́n ti pa àwòrán rẹ́ nínú ẹ̀rọ. A san gbogbo owó náà lẹ́ẹ̀kejì. Inú ṣì ń bí mi.

Síìdì tàbí fíláàṣì o, kí ẹnì kan sì ṣí i wò níbẹ̀. Kí ó ní àwòrán tó gé ẹ̀yìn lóòró àtèyí tó gé e níbùú. Ti ìbú yẹn ló ń jẹ́ ká mọ̀ bóyá apá òsì tàbí ọ̀tún ni díìsì, tìmùtìmù àárín eegun ẹ̀yìn, ti tẹ iṣan. Kí dókítà kọ ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n sínú ìwé. Ti Bàbá, ọmọńdinrín ẹsẹ̀ òsì ló kú tipiri. Ẹ má gba X-ray dípò rẹ̀, eegun nìyẹn ń fi hàn, kì í fi iṣan hàn.

Bí irin tàbí ẹ̀rọ ọkàn bá wà lára wọn, kí wọ́n sọ kí wọ́n tó wọlé. Ariwo ẹ̀rọ náà pọ̀, àmọ́ kì í dunni.

Èsì lè kà bí ìwé ikú, ẹ fọkàn balẹ̀: ọ̀pọ̀ ẹni tí nǹkan kan ò dùn ni díìsì tiwọn náà yọ. Ṣùgbọ́n bí wọn ò bá rí ìtọ̀ tọ̀, tàbí abẹ́ wọn kú tipiri, ẹ má dúró de síìdì kankan. Ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.